Fọ́tò Tí Màámi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Délé àbúrò mi, mo kí Ìyá Ràfíù alábàágbé wa, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń yan gàrí ní Lálúpọn. Kò ní rẹ̀ yín o.

Òtútù ibí ti tún dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú. Àwọn arúgbó ni mo ṣì ń tọ́jú, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Bí mo bá ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ ìyá òyìnbó kan, ẹsẹ̀ yín ni mo máa ń rántí, bí eérú ìdí agbada gàrí ṣe máa ń sọ ọ́ di funfun. Òórùn èéfín yẹn ń wù mí débi pé omi á bọ́ lójú mi.

Láti ìgbà òjò ni mo ti ń lálàá yín. Mo béèrè, Délé ní ara yín le. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wá dáadáa, a kì í ro ìròyìn burúkú fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ni mo bá ní kó ya yín ní fọ́tò, kó gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi ímeèlì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú. Délé á kọ̀wé ṣáájú pé fọ́tò ń bọ̀. Ìwé á wọlé, fọ́tò á kọ̀. Wáyà tẹlifóònù ni kọ̀ǹpútà fi ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wáyà á fi já, ọ̀gá mi á sì máa kùn pé mo dí fóònù òun. Mo wá ń rò ó pé bóyá kò tiẹ̀ sí fọ́tò kankan.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé lọ́fíìsì ló là mí lóye pé fọ́tò náà ló tóbi jù, kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kó ku ẹ̀yin nìkan. Mo kọ bẹ́ẹ̀ sí Délé. Èsì yín ló kọ padà. Ẹ ní a kì í gé èèyàn alààyè kúrò nínú fọ́tò, pé ta ni mo fẹ́ kí wọ́n gé dànù? Ṣé Ìyá Ràfíù ni, tó pọ̀n yín dé títì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn? Délé kọ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ pé òun ti tú àṣírí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì, mo sunkún.

Ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin náà ní wọ́n lè sọ fọ́tò di kékeré láìgé ẹnikẹ́ni. Fọ́tò náà wọlé lánàá. Gbogbo yín pé, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ jókòó láàárín nínú aṣọ funfun ìjọ yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eegun ọrùn yín ti yọ.

Màámi, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àìsàn yín pamọ́ fún mi mọ́. Mò ń wẹ ìyá ẹlòmíràn lójoojúmọ́, ẹlòmíràn ló ń pọ̀n ìyá tèmi. Mo ti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Kí ọdún tó yí, màá ti délé.

Olúwa á dá yín sí dè mí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ìyá Ràfíù, ẹ̀yìn tí ẹ fi pọ̀n ìyá mi kò ní tẹ̀ láé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀