Ilé Orin Wa Ti Kó Lọ sí Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Àbúrò mi, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí a ti rí ọ gbẹ̀yìn, ara mi ò sì tíì balẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ lọ́jọ́ tí a sin ọ́.

Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ní kí gbogbo ibi àpéjọ di títì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti ilé orin wa, níbi tí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣeré. Ogójì àga la tò jọ sára ògiri. Ìwọ tí ò ń fi fèrè fífun bọ́ aya àtọmọ ò ríbi fun ún mọ́. Fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba dé, wọ́n bi ọ́ pé ta ni ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Èmi náà ni." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Owó ìrànwọ́ náà ò dé.

Èmi ni mo bá ọ wáṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí wọ́n ti ń di páálí. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ní sùúrù díẹ̀ sí i." Mo ní ọmọ rẹ ò lè jẹ sùúrù. O lọ. Ọ̀sẹ̀ méje péré, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn ò jẹ́ ká wọlé tọ̀ ọ́ ní ọsíbítù; nọ́ọ̀sì ló gbé fóònù sí ọ létí. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ta ilé orin yẹn o."

Mo tà á. Gbọ́ mi dáadáa, àbúrò mi: mo tà á. Àwọn àga òfìfo yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Táyà ni wọ́n ń tò síbẹ̀ báyìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo sì ń gbà kí n má baà rí i.

Ìyàwó rẹ ò bá mi jà. Ó kàn wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀." A gbà á. Àwa méjèèjì la kun ògiri rẹ̀. Òun ló kun òkè, torí mi ò lè gun àkàsọ̀ mọ́. Àga méjìlélógún ló gbà. Onígìtá rẹ tó lọ ń wa takisí ti padà. Ó ní ẹ̀yìn òun ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun wà digbí. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ò padà. Ó ti ta dùùrù rẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ orin sétí mọ́.

Ọmọbìnrin rẹ ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Òun ló ń fun fèrè rẹ. Ó máa ń kánjú bíi tìrẹ, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìta ni mo máa ń bọ́ sí.

A máa ṣílẹ̀kùn ilé orin tuntun yìí láago mẹ́rin òní. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Màá sọ pé èmi ni mo ní kí o lọ síbi iṣẹ́ yẹn. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, lójú ọmọ rẹ. Lẹ́yìn náà, bí ohùn mi bá ṣì kù, màá sọ pé a fẹ́ràn rẹ, pé àárò rẹ ń sọ wá, pé kò tíì sí ọjọ́ kan tí mi ò wá ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, lórúkọ gbogbo ẹbí.