Ilẹ̀ Tó Ń Sinmi

Chicago, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 1984

Ìwé mi, má bínú. Kò yẹ kí n tún mú gègé lọ́wọ́ rárá.

Lónìí ni olùkọ́ wa ṣàlàyé bí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ṣe sọgbà yí ilẹ̀ tí gbogbo ará abúlé jọ ń lò ká. Irè oko pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé di alágbàṣe, àwọn mìíràn sì lọ wáṣẹ́ sí ilé ẹ̀rọ. Olùkọ́ ní, "Ohun tí wọ́n wí ni pé ilẹ̀ náà kàn wà lásán."

Ohun tí mo kọ sí Bàbá mi ní oṣù kẹsàn-án nìyẹn. Wọ́n béèrè bóyá kí àwọn tẹ̀ka fún kọ́ńpínnì tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹbí wa, èyí tí a fi sílẹ̀ kó sinmi. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ka, kí wọ́n hú pérégún tí Bàbá àgbà gbìn sí ààlà.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ju lẹ́tà kan sórí ibùsùn mi.

"Purofẹ́sọ̀! Bàbá ti tẹ̀ka o. Wọ́n ní ọmọ wọn tó wà ní Yunifásítì ló la àwọn lójú."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìwé mi, jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí. Má jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí mo kọ́ lónìí.