Ògiri Tó Wà Láàárín Ẹ̀yin àti Ìyá Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ sùn sí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú abọ́ omi gbígbóná bí mo ṣe ń kọ èyí, nínú ilé ìdáná mi ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo da iyọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá ti ìrìn àjò Sókótó dé. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Kì í ṣe àárẹ̀ àìsùn. Mo sùn, mo jí, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Ìjẹta ni mo ti ìlú Berlin ní Jámánì dé, lọ́dọ̀ Àníkẹ́, ọmọ ọmọ mi tí ẹ ò rí kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ga bíi yín, ó sì máa ń húkọ́ díẹ̀ bíi tiyín kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó máa pani lẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sí yín nìyí. Gbogbo èyí tí ẹ gbà nígbà tí ẹ wà láyé, ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ ọ́, ojú sì máa ń tì mí láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún akọ̀wé. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní Woolwich, Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀sẹ̀, Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé lọ́dọ̀ tíṣà àtijọ́ kan tí kì í fi àmì ohùn ṣeré. Ó ní ọwọ́ mi ti dúró. Nítorí náà ẹ ò ní bá ọ̀rọ̀ akọ̀wé kankan pàdé níbí. Èmi nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ògiri tí ẹ mọ sáàárín agbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú, tó ya ilé yín kúrò lára ti Bàbá Kékeré, àbúrò yín. Ó ti là, ó sì ti ń fì. Wàídì, ọmọ Bàbá Kékeré, pè mí pé kí òjò tó dé, yálà kí a tún un mọ tàbí kí a wó o, kó má baà wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Òun fẹ́ kí a wó o. Múfú àbúrò mi fẹ́ kí a tún un mọ, torí ẹ̀yin lẹ sọ pé kí ọmọ yín kankan má fọwọ́ kan ògiri yẹn láéláé. Èmi ni àkọ́bí, ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò. Látìgbà náà ni mo ti ń sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ kí n rò ó. Apá kan nínú àárẹ̀ tí mò ń wí nìyẹn.

Mo rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ wà lọ́nà Sókótó pẹ̀lú lọ́rì yín nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyá yín, kú láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré ni wọ́n ń gbé. Àwọn ààfáà ní òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, kò sì sí fóònù tí wọ́n lè fi wá yín nígbà náà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n sábẹ́ igi ọsàn níhà ti Bàbá Kékeré. Ìgbà tí ẹ fi dé, iyẹ̀pẹ̀ ibojì ti gbẹ. Ẹ ò pariwo. Ẹ kàn bi Bàbá Kékeré bóyá kò lè dúró dè yín ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni mo ṣòfin ẹ̀sìn ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ ò lè gbé mì. Kò pẹ́ tí búlọ́ọ̀kù dé. Ẹ bọ́ agbádá, ẹ ò pe bíríkìlà kankan, ẹ fi ọwọ́ ara yín mọ ọ́n. Ọmọdé ni mí, èmi ni mò ń pọn omi tí ẹ fi ń po sìmẹ́ǹtì. “Má da omi nù,” ni ẹ máa ń wí, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jáde lẹ́nu yín. Ẹ mọ ọ́n ga ju orí yín lọ. Ọjọ́ tó parí ni mo tó rí i pé ìyá yín ti wà lódì kejì. Ṣé ẹ̀yin náà ti rí i kó tó parí? Àbí ọjọ́ kan náà la jọ rí i?

Gbogbo Jímọ̀ tí ẹ bá wà nílé, tí ẹ bá ti mọ́ṣáláṣí dé, ẹ ó lọ dúró ti ògiri yẹn ní ọ̀gangan igi ọsàn. Ẹ ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹnu yín á máa mì. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ó fi ọwọ́ ra ojú, ẹ ó húkọ́, ẹ ó wá béèrè ẹ̀kọ tútù yín bí ẹni pé kò sí ibi tí ẹ lọ. A ò bi yín rí. Ibi tí ọwọ́ yín ń wà yẹn ti dán, ó ti dúdú, kò jọ ara ògiri tó kù.

Àníkẹ́ ń kọ́ èdè Jámánì ní yunifásítì. Wọ́n ní kó lọ lo ọdún kan níbẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀: ó ń mú àwọn àlejò rìn káàkiri ìlú, ó ń fi ibi tí ààlà wà nígbà kan hàn wọ́n. Ìlú yẹn, Bàbá, wọ́n mọ ògiri sí i láàárín. Ìlà oòrùn wà lọ́tọ̀, ìwọ̀ oòrùn wà lọ́tọ̀, ọmọ ìyá kan náà ò sì lè lọ sọ́dọ̀ ara wọn títí wọ́n fi wó o. Àníkẹ́ ní dandan ni kí n wá wo òun lẹ́nu iṣẹ́. Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn ní kíláàsì, títí kan ẹni tí kò bi mí. Rísì, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Belvedere, bẹ̀rẹ̀ sí fi mí ṣẹ̀sín.

“Àlàájà, ẹ fẹ́ wọ bàálù torí ògiri? Ṣé ilé kọnkéré tó kún Thamesmead ò tó yín wò ni?”

“Ọmọ ọmọ mi ló fẹ́ fi hàn mí.”

“Ó dáa o. Ẹ bá mi mú búlọ́ọ̀kù kan bọ̀.”

Òtútù ibẹ̀ le ju tiwa lọ. Àníkẹ́ gbé agbòòrùn pupa kan sókè kí àwọn èèyàn rẹ̀ má baà sọnù, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn òyìnbó ń tẹ̀lé e, èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n orí mi ń wú. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ sọ́jà Woolwich ló dúró níwájú àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá sì ń mi orí sí i. Ó sọ bí àwọn ará ìlú ṣe sùn, tí wọ́n jí bá wáyà láàárín títì. Ó sọ bí ìyàwó tuntun ṣe dúró lápá kan tó ń juwọ́ sí àwọn òbí rẹ̀ lápá kejì. Níbi tí ògiri gbà, wọ́n to òkúta sínú títì, ó gùn lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ò tilẹ̀ wolẹ̀.

“Grandma, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́? Ṣé ká dúró?”

Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn o, bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ títí ó sú u. Mo ní kó máa lọ, mo ní ìlú ni mò ń wò.

A wá dé itẹ́ òkú kan. Mo rí bẹ́ńṣì, mo jókòó. Ó ní ògiri yẹn gba inú itẹ́ kọjá. Ó ní ẹni tí ibojì ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí ògiri kò lè dédé gbé òdòdó lọ síbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gba káàdì lọ́wọ́ ìjọba. Káàdì, Bàbá, kí èèyàn tó lè lọ kí ìyá rẹ̀. Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ sókè bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì.

“Àníkẹ́, àwọn tó mọ ògiri yìí ńkọ́? Ṣé ìyá tiwọn náà ò sí lódì kejì?”

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Àwọn òyìnbó ń wo ẹnu mi. Àníkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ó húkọ́, mo rò pé àpárá ló fẹ́ dá.

“Mi ò mọ̀, Grandma. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìyẹn rí.”

Ọkùnrin onírun funfun yẹn bojú wolẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ túká, ó mú mi lọ mu tíì, ó ní kí n sọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn. Mo sọ fún un nípa yín, láti orí lọ́rì dórí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbọ́ ọ dópin, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“So, ó ti ara ẹ̀ mọ́ ìta.”

“Ṣé bàbá mi lò ń wí bẹ́ẹ̀?”

“Má bínú, Grandma. Ṣùgbọ́n òun náà ló mọ ọ́n, òun náà ló wá dúró síta. Every Friday.”

Ẹ mọ̀ mí sí ẹlẹ́nu òwe. Mo mu tíì mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ kú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé àwọn arúgbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Dockyard, mò ń bá ìyá òyìnbó kan wọ ìbọ̀sẹ̀. Múfú pè. Kí n tó rí bàálù wọ̀, wọ́n ti kírun sí yín lára, wọ́n ti sin yín. Wọn ò dúró dè mí. Inú bí mi sí Múfú débi pé mo wá mọ bó ṣe rí lára yín nígbà yẹn. Bí búlọ́ọ̀kù bá wà níwájú mi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù láti bá ẹnikẹ́ni jà. Mo jókòó ti ibojì yín títí ìbínú náà fi lọ. Nítorí náà, mi ò lè dá yín lẹ́bi. Ṣé ẹ gbọ́?

Ibi tí wọ́n sin yín sí, ibi tí ẹ fẹ́ náà ni: ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọ̀gangan igi ọsàn. Ìyá yín wà lódì kejì. Bàbá Kékeré náà ti lọ bá wọn níbẹ̀. Àwa tí a wà láàyè ń gba ẹnu géètì ojú títì lọ sọ́dọ̀ ara wa báyìí, àwọn ọmọ Wàídì máa ń jẹun nílé wa, wọ́n á tún bu tilé dání. Ẹ̀yin tí ẹ sùn nìkan ni ògiri yẹn ṣì ń yà.

Lánàá mo pe Wàídì. Ìyá rẹ̀, ìyàwó Bàbá Kékeré, ló gbé fóònù. Ojú wọn ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì dá ṣáṣá. Mo ní ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá.

“Ọmọ mi, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé gbogbo Jímọ̀ ni ọkọ mi máa ń bu omi àlùwàlá sínú bútà, á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá wọn, á ní ká má ti géètì wa?”

“Fún ta ni, mà?”

“Fún bàbá rẹ ni. Ó máa ń gbọ́ ohùn wọn lódì kejì. Á ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Bóyá lónìí wọ́n á gba géètì yí wá.’”

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ nígbà tó bá ń da omi sínú bútà? Ṣé ẹ rò pé wọ́n ti géètì ni, àbí ẹ mọ̀ pé wọn ò tì í, tí ìyẹn sì mú kó túbọ̀ ṣòro? Kí ló dé tí Bàbá Kékeré náà ò ké sí yín lẹ́ẹ̀kan péré? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí omi lẹ́yìn ilé wa.

Lẹ́yìn náà mo pe Múfú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.”

“Inú ló ń bí wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́.”

“Ṣé wọ́n wá sọ fún yín pé inú ò bí wọn mọ́?”

“Màá kọ̀wé sí wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dúró, mo gbọ́ tó ń fa imú. “Tí wọ́n bá bínú, ẹ̀yin lẹ wí o.”

Èmi ni mo wí, Bàbá. Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n máa wó o. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹni tí ń bẹ̀rù, ẹ ò sì nà mí rí. Mo sọ fún Wàídì pé kó má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kó má sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti là. Kó wá ibi tó dán yẹn, ibi tí ọwọ́ yín ti ń wà. Ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ fi òòlù lù ú. Ìyá rẹ̀ ní òun á tẹ́ ẹní, òun á bu omi sínú bútà.

Omi ẹsẹ̀ mi ti tutù. Ẹ sùn dáadáa.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
èyí tó pọn omi tí ẹ fi mọ ọ́n.