Kànga Ooru Tó Ń Dí Lókè Eburru

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Bàbá Njoki,

Mo kí yín o. Ara yín ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Njoki ti padà sílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Nakuru. Èmi àti ewúrẹ́ la kù nílé, ewúrẹ́ kì í sì í dáni lóhùn.

Kànga ooru wa ń dí. Ẹ rántí bí ooru ṣe máa ń hó jáde nínú páìpù, tí yóò di omi, tí yóò sì máa ṣàn sínú àgbá? Nísinsìnyí, ó ń kán tó, tó, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Bí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó kún. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irú kànga bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ. Bí omi gbígbóná bá ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, òkúta funfun inú rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù, bíi ti inú kẹ́tùlù wa, títí ọ̀nà yóò fi dí.

Àwọn aládùúgbò ti kó lọ sétí adágún. Màmá Gathoni nìkan ló kù, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi: "Ìyàwó ọ̀gá oníkànga! Ọkọ ẹ ń fi ẹ̀rọ ha òkúta kúrò nínú kànga ẹni ẹlẹ́ni, tiwa ń kú lọ lójú ẹ. Àbí ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ilé iṣẹ́ yín rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, Otieno lorúkọ rẹ̀. Ó so irin mọ́ wáyà, ó jù ú sínú kànga. Irin náà kò lọ jìnnà tó fi há. Ó ní wọn yóò dí kànga náà pa kí oṣù yìí tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá ha á. Ó gba tíì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mọ́mì. Wọ́n ti fẹ́ gbé e wá tẹ́lẹ̀. Ọmọ ibí kan wà lára àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà, Ndirangu. Òun ló ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọra wọn lẹ́nu, pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́."

Mi ò sọ fún un pé ọkọ mi ni. Mo bu tíì sí i fún un.

Bàbá Njoki, ẹ̀yin lẹ ní kí n má kúrò nílé, kí ẹ lè ríbi padà sí. Torí ọ̀rọ̀ yín ni mo ṣe jókòó ti àgbá yìí. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ sọ, pé ẹnì kan ń gbébẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ooru kò ní jó yín, ọ̀nà ilé kò sì ní dí mọ́ yín.

Èmi ni ìyàwó yín,
Nyaguthii, Màmá Njoki.

Mo tún rántí: Màmá Gathoni náà ti ń di ẹrù. Bí wọ́n bá dí kànga pa kí ẹ tó dáhùn, ẹ má wá mi wá sókè níbí. Kọ́kọ́rọ́ á wà lábẹ́ àgbá. Ohun tí ẹ sọ á ti di òótọ́.