Aṣọ Funfun Ni Kí O Rà fún Mi

Abúlé Ìyàndá, lẹ́bàá Akanran,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1964.

Morónikẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ọkọ rẹ ńkọ́? Oyún inú rẹ ńkọ́? Àwa náà wà, ẹ̀gẹ́ ta, ewúrẹ́ rẹ sì bí ìbejì. Òkè tí o fẹ̀yìn tì kò ní yẹ̀. Tíṣà Hezekiah ló bá mi kọ̀wé dé ibí yìí. Nígbà tí mo ní kó kọ ìtọ̀, ó kọ "àìlera kan", ni mo bá gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lọ sí ọsibítù nítorí ìtọ̀ tó ń bọ́ lára mi. Mo ti sọ ọ́. Ìwọ olórí ńlá lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo bí ọ, àwọn àbúrò rẹ márùn-ún bá ọ parí rẹ̀, láti ìgbà náà aṣọ dúdú nìkan ni mò ń ró. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, bí mo ti gbé orin sókè, ó dà sórí bẹ́ǹṣì àwọn akọrin. Ọ̀sẹ̀ kejì, Gbọ́njúbọ́lá Ìyá Ìjọ tẹ́ àpò kòkó sí ààyè mi lójú gbogbo ìjọ, ó ní bí n kò bá lè jókòó lé e, kí n fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ kí Ìkórè tó dé, pé ohun tí ọjọ́ orí bá mú wá, gbígbà là ń gbà á. Mo ní n kò gbà.

Ni mo bá wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ìbàdàn. Mísì Títíladé, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ní ọsibítù, kò gún mi lábẹ́rẹ́, kò fún mi lóògùn. Ó ní àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ni ọmọ bíbí ti mú dẹ̀, kí n máa fún wọn bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kí n kà dé ẹẹ́wàá, kí n sì tú wọn sílẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún oṣù mẹ́ta. Ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n fa ìlà sí, pé kí n máa sàmì sí i bí mo bá ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé ìjọba. Ìwé wo ni wọ́n ń gbà láìsí ẹlẹ́rìí? Mo yá íńkì lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, mo sì ń pe Rùkáyátù aládùúgbò wa lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kó wá tẹ̀ka pé òótọ́ ni mo ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta ó ní òun kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ojú òun kò rí, nítorí Ọlọ́run. Mo ní kó ṣe tirẹ̀ kó lè mọ̀ bó ti ń rí. Ó ṣe é, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà ọmọ kẹrin ni àlùwàlá òun kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, òun kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú bí mi, ọmọ mi. Gbogbo wa ló ń ṣe, gbogbo wa la dákẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti di mẹ́sàn-án lórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi ìyeyè, à ń fún iṣan, a panu mọ́, ojú wa le. Baálẹ̀ ń kọjá, ó rò pé òun là ń ṣẹ́ èpè fún, ó ṣí fìlà, ó ní òun yóò tún ọ̀nà odò ṣe. Ó sì ti tún un ṣe. Nígbà tí mo padà sí ọsibítù tí Mísì Títíladé rí ìwé mi tó kún fún ìka obìnrin, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí kò pọn dandan, ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn máa bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo kọrin, mo wúkọ́, mo sín lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ mi gbẹ táútáú. Mo ká àpò náà, mo gbé e fún Gbọ́njúbọ́lá, mo ní kó lọ fi kó kòkó.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Má ra aṣọ dúdú fún mi mọ́. Funfun ni kí o rà, èyí tí ẹ̀kán omi kan bá kàn án, gbogbo ìjọ á rí i. Fi owó díẹ̀ sí i kí n ra íńkì padà fún akọ̀wé kóòtù, a ti tẹ tirẹ̀ tán. Kí ìwọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún tìrẹ, má dúró de àpò.

Ọlọ́run tó dá ara obìnrin kò ní dójú tì ọ́. Wàá bí tọwọ́tẹsẹ̀, wàá rẹ́rìn-ín, wàá sín, aṣọ rẹ yóò gbẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.