Fíìmù Tí Èmi Àti Bronwyn Jọ Wò

Ìyá mi nílé ní Labasa,

Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu. Mò ń sùn, mo sì ń jẹun. Oúnjẹ ṣáà ni bisikíìtì náà.

Ẹ rántí Bronwyn, tá a jọ ń gba ìpè àwọn tó ń wá áńbúláńsì ní Brisbane níbí? Ẹni tó máa ń yọjú wo pátákó ara ògiri tó ń ka ìpè wa bóyá òun yára gbé fóònù jù mí lọ? Ọ̀gá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lọ́jọ́ Sátidé, ká lọ wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan, nípa obìnrin méjì tó ń bára wọn díje lẹ́nu irú iṣẹ́ wa gan-an. Ó ní kára wa lè balẹ̀ ni.

Mo rẹ́rìn-ín o. Ọ̀kan bu iyọ̀ sí tíì èkejì. Bronwyn fi ìgúnpá gbún mi: "Vasiti, wo ara ẹ! Ìkà!"

Mo ní, "Ìwọ tó gbé àga mi pamọ́ ńkọ́?"

Ni fóònù bá dún nínú fíìmù náà. Àwa méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Áńbúláńsì, níbo lẹ wà?" Gbogbo èrò sinimá bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Bronwyn ti ń tẹ itan ara rẹ̀ bíi kọ̀ǹpútà ẹnu iṣẹ́. Mo dì í mú, kí tèmi náà lè dúró. Mi ò mọ bí fíìmù ọ̀hún ṣe parí.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Apenisa àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé ẹ ti pè mí lórí fóònù títí. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ máa kọ sí mi. Ìwé kì í dún.

Ọmọ yín,
Vasiti