Kọ́kọ́rọ́ Kan Tó Kù Lọ́wọ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Oníkánjú,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Màmá. Mo gbà pé ara yín le, ikọ́ Màmá sì ti ń rọlẹ̀. Èmi náà ò ṣàìsàn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí. Mo lọ fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, mo lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo tún padà wá jókòó.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn ni. O mọ̀ pé ẹ̀rọ tí à ń bójú tó ló ń sọ oògùn tí nọ́ọ̀sì máa fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, àti wákàtí tó máa fún un. Èmi ni mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá wọ inú ẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: kó kọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe, kí ẹlòmíì fọwọ́ sí i, kí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ṣí fún wákàtí kan péré, kí orúkọ ẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Ọjọ́ yẹn lo sọ mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. O ní, "Kí ẹ tó fọwọ́ sí i tán, ilé á ti jó kanlẹ̀!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n wá fi mú ọ.

Ohun tí o ò mọ̀ rèé. Nígbà tí mo ní kí ẹ má lo ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ mọ́, kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo wa jọ fi ń wọ inú ẹ̀rọ, mi ò pa á rẹ́. Mo tọ́jú ẹ̀ fún ara mi. Mo ní nítorí ọjọ́ burúkú ni. Irọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Mo kàn rò pé àwọn tí kò mọṣẹ́ tó mi ni mo ṣòfin fún.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì àgbà pè mí pé orúkọ aláìsàn kan ò jáde lójú ẹ̀rọ. Gbogbo yín ti lọ jẹun. Dípò kí n dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí i, mo fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wọlé, mo tún ibì kan ṣe, mo sì ba ibòmíì jẹ́. Fún ogún ìṣẹ́jú, oògùn tí wọ́n ti fún èèyàn ń jáde bí èyí tí wọn ò tíì fún un. Bàbá arúgbó kan lo oògùn ìrora tó máa ń múni sùn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì jí títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo lọ síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò lè wò ó lójú. A dúpẹ́ pé bàbá náà jí.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, orúkọ kan tí gbogbo wa jọ ń lò ló ń kọ. Nígbà tí wọ́n bi wá, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo ojú yí sí, wọ́n ní kí o lọ máa jókòó sílé. Èmi ń wo bàtà mi. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun: ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gá wa. Ó ní, "O jẹ́ kí n lé ọmọlọ́mọ lọ sílé." Wọn ò tíì sọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni mò ń bẹ̀.

Kí ilé rẹ tòrò. Kí ara Màmá yá. Kí Ọlọ́run dá iyì tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ padà ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

Àfikún: Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún ọ padà. Mo fẹ́ pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́, ẹ̀rọ kọ̀ fún mi: àfi kí ẹlòmíì fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ ni mo kọ. Wákàtí kan péré ni ẹ̀rọ máa fi dúró dè ọ́. Tó bá pé tí o ò tíì fọwọ́ sí i, màá tún béèrè.